Kí ló dé tí ìlú Cefalù fi máa ń pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án?

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní London fẹ́ lọ sinmi ní Cefalù, ìlú kékeré kan létí òkun ní Sicily, nílẹ̀ Ítálì, ni wọ́n bá da ìbéèrè bò mí. Mo ní kí n kúkú dáhùn síbí kí gbogbo wa jọ kà á.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tó bá ti di aago kan ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù á ti tì. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni?

Ìdáhùn: Háà ẹ̀gbọ́n, oòrùn ni o! Oòrùn ọ̀sán oṣù keje àti ìkẹjọ níbẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ èèyàn, òkúta ni wọ́n fi kọ́lé, òkúta náà ni wọ́n tẹ́ sójú títì, ooru á wá máa jó yín látòkè látìsàlẹ̀. Ni kálukú bá gbalé lọ, wọ́n á jẹun, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, tó bá di bí aago mẹ́rin wọ́n á tún ṣí, wọ́n á tajà dalẹ́. Àwọn tó ń tajà fáwọn àlejò lè má tì, àmọ́ ilé oògùn máa ń tì, torí náà ẹ tètè ra Panadol yín láàárọ̀.

Ìbéèrè: Òkun wọn ńkọ́, ṣé ó le bíi ti Èkó?

Ìdáhùn: Rárá o. Atlantic ló ń bì lu Èkó. Mediterranean tiwọn yìí, ilẹ̀ ló yí i ká, ojú kan tóóró ló gbà já sí Atlantic ní Gibraltar, ibi tó fún jù níbẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 14 lọ, ìgbì ńlá tó ń bọ̀ láti òkèèrè ò ráyè wọlé, omi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kún tàbí kó fà. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ aṣọ sétí omi láàárọ̀, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a lọ́sàn-án. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá dìde ó máa ń ru gan-an, tẹ́ ẹ bá ti rí àsíá pupa, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀fẹ́ ni bíìṣì?

Ìdáhùn: Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí agboòrùn tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, owó ni. Ibi tó kù, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì yín.

Ìbéèrè: Kí la wá fẹ́ máa ṣe tí gbogbo ibi bá tì?

Ìdáhùn: Ẹ sùn! Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gun òkè La Rocca, ó ga tó bíi mítà 270, ẹni tó bá gùn ún lọ́sàn-án ló mọ ohun tó ń wá. Ibi ìfọṣọ àtijọ́ kan tún wà nísàlẹ̀ àwọn ilé, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, omi ń tú jáde lẹ́nu orí kìnnìún onírin, ibẹ̀ tutù dáadáa. Tó bá dìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú á múra, tọmọdé tàgbà, wọ́n á kàn máa rìn gbẹ̀fẹ́ lọ sókè sódò títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Ọba Roger Kejì ti Sicily bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1131. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí wọ́n tó jókòó jẹun. Tẹ́ ẹ bá rí “coperto” nínú bíìlì, wọn ò rẹ́ yín jẹ, owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni.

Ìbéèrè: Tí òùngbẹ ata bá ń gbẹ wa ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wọ rélùwéè lọ sí Palermo, bíi wákàtí kan ni, kẹ́ ẹ bèèrè ọjà Ballarò. Àwọn ará ilé pọ̀ ládùúgbò yẹn.