Ariwo Kọ́ Ni Agbára: Ohun Tí Fílítà Ṣóńṣó Ń Ṣe Sí Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, tó fi fílítà ṣóńṣó tó wà ní ìhòòhò rọ́pò rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. Bó bá ti tẹ tọ́tù báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa mí hùù. Kíá ló máa ní ọkọ̀ òun ti lágbára sí i. Bẹ́ẹ̀ ariwo yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpótí náà ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Àpótí yẹn ní iṣẹ́ mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, imú rẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn iná iwájú tàbí inú fẹ́ńdà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Ṣóńṣó tó dúró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń fa èyí tí radiétọ̀ ti yá gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní 30°C tó di 60°C, ó fúyẹ́ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Agbára ń dín kù nìyẹn, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kí o tó náwó, wọn bí àpótí tó wà nínú ọkọ̀ rẹ ṣe ń dènà afẹ́fẹ́ tó. Wá rọ́bà tóóró tó mọ́ gaara, bíi mítà 4. Tẹ apá kan rẹ̀ bíi U mọ́ pátákó, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí o bu omi aláwọ̀ sí i dé ìdajì. Ki ẹnu kan bọ páìpù láàárín fílítà àti throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), fi ìkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹlòmíràn máa wo omi náà. Ìwọ má wò ó. Bí omi ẹsẹ̀ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju èkejì lọ, nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 agbára afẹ́fẹ́ ni ìdènà ń gbà. Kò sí páìpù tó lè dá ju ìyẹn padà fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo, ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù ni sẹ́ńsọ̀ MAF. Wáyà rẹ̀ tó gbóná ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tù ú mọ bó ti pọ̀ tó, inú páìpù oníwọ̀n kan pàtó ni wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ìṣirò. Gbé e láti páìpù mìlímítà 70 sínú ti 76, àyè á fi bí ìdá 18 nínú 100 fẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á rọra kọjá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé kò tó nǹkan, á sì dín epo kù. Kódù P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, kì í pẹ́ yọjú. Òróró tí wọ́n fi pa fílítà tí à ń fọ̀ lè lẹ̀ mọ́ wáyà náà pẹ̀lú bó bá pọ̀ jù.

Nítorí náà, bí o bá máa rà á ṣáá, ra èyí tí ibùdó sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá ti àtilẹ̀wá mu rẹ́gí, tó ní ògiri tí rọ́bà rẹ̀ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì láti lé ooru. Má gba èyí tí fílítà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà: omi tí ẹ́ńjìnnì bá fà mu lè ká irin inú rẹ̀ kò. Lẹ́yìn tí o bá dè é, fi sikáánà wo long-term fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Bó bá ń lọ sókè ju +10% lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kàn ń dúró mí, tó sì wálẹ̀ bí eré bá pọ̀, kíláàmù kan ni kò fún dáadáa, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀yìn sẹ́ńsọ̀ wọlé.