Tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé

Tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé ni ìwé tí ọlọ́pàá tàbí àjọ ojú pópó ń fún awakọ̀ tó sáré kọjá ìwọ̀n tí òfin fi sí ojú ọ̀nà kan. Wọ́n lè fi lé e lọ́wọ́ létí títì níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kámẹ́rà ló ya nọ́ńbà ọkọ̀, tí ìwé náà wá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ bá a délé. Owó ìtanràn ni ojú kọ́kọ́ ń rí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sábà máa ń kéré sí ohun tó ń tẹ̀ lé e. Àkọsílẹ̀ tí tíkẹ́ẹ̀tì ń fi sílẹ̀ sí orúkọ awakọ̀ ló ń pẹ́ nílẹ̀: òun ni ilé ẹjọ́ ń yẹ̀ wò bí onítọ̀hún bá tún ṣẹ̀, òun náà sì ni ilé iṣẹ́ ìdójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ń yẹ̀ wò kó tó sọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Walter Arnold, tó ń ta mọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tó sanwó ìtanràn nítorí eré. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1896, ó gba abúlé Paddock Wood ní ẹkùn Kent kọjá lórí eré máìlì 8 ní wákàtí kan, níbi tí òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Ọlọ́pàá gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ṣílè kan pẹ̀lú owó ẹjọ́ ni wọ́n bù fún un nítorí eré náà. Kó tó di òpin ọdún yẹn, òfin tuntun gbé ìwọ̀n eré lọ sí máìlì 14. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà sọ ìdójútòfò ọkọ̀ di dandan ní 1927, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1930, ó di pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí adájọ́ ní ìdí tí yóò fi fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń wakọ̀.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo tó

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni kí ènìyàn fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n: yóò sanwó, yóò máa lọ, kò sì ní sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà tí ọ̀rọ̀ ń yí padà bí eré bá ti kọjá rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi máìlì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kọjá ìwọ̀n, tàbí tó bá sá ju máìlì 85 lọ níbikíbi, wọ́n lè fẹ̀sùn ìwakùwà kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn nìyẹn. Ó lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù 12 àti owó ìtanràn tó tó dọ́là 2,500, ohun tí àlejò tó ń kọjá lọ kì í sábà mọ̀ títí tí wọn yóò fi ní kó wá dúró níwájú adájọ́.

Ní Switzerland, láti 2013, ẹni tó bá fi kìlómítà 50 kọjá ìwọ̀n lójú ọ̀nà tí wọ́n fi 50 sí lè lo ọdún 4 lẹ́wọ̀n, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ náà. Òfin tí Denmark ṣe ní 2021 le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀: ẹni tó bá sá ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, ìjọba lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo, ì báà má jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọkùnrin kan ra Lamborghini ní Jámánì, ó sì ń wà á bọ̀ wá sílé rẹ̀ ní Norway. Kìlómítà 236 ni ọlọ́pàá Denmark bá a lórí rẹ̀. Kò tíì pé ọjọ́ kan tó ra ọkọ̀ náà tó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iye owó náà kì í dọ́gba. Ní Finland, láti 1921 ni wọ́n ti ń fi ohun tó ń wọlé fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣírò irú ìtanràn yìí. Bí eré bá fi ju kìlómítà 20 lọ kọjá ìwọ̀n, kò tún sí iye kan pàtó mọ́; olówó yóò san ti olówó, tálákà yóò san ti tálákà. Ní 2023, gbajúmọ̀ oníṣòwò kan ní erékùṣù Åland san yúrò 121,000 nítorí pé ó sá 82 níbi tó yẹ kó ti sá 50. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń wo owó ọ̀sẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé kóòtù. Ẹni tó sá máìlì 51 tàbí jù bẹ́ẹ̀ níbi tí òfin fi 30 sí lè san owó ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ju pọ́n-ùn 1,000 lọ, tàbí 2,500 bó bá jẹ́ lójú ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní motorway.

Pọ́ìǹtì

Pọ́ìǹtì ni ọ̀nà tí ìjọba fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́rùn. Ní Jámánì, iye náà ń lọ sókè ni. Bó bá pé 8, láìsẹ́ǹsì lọ. Ní Faransé, sísàlẹ̀ ló ń lọ: 12 ni awakọ̀ ní lápò, wọ́n sì ń yọ nínú rẹ̀ títí yóò fi tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹni tí kò fi tó kìlómítà 5 kọjá ìwọ̀n kì í pàdánù pọ́ìǹtì kankan mọ́ níbẹ̀, àmọ́ yóò ṣì sanwó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn 100 àti pọ́ìǹtì 3 ni tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù. Bí pọ́ìǹtì bá pé 12 láàárín ọdún 3, ilé ẹjọ́ sábà máa ń fòfin de awakọ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láìsẹ́ǹsì tún le sí i: láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́, pọ́ìǹtì 6 péré ti tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré méjì nìyẹn. Yóò padà di akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì tún ìdánwò ṣe láti orí ìwé dé ojú títì. Ẹni tí eré rẹ̀ kò pọ̀ jù lè rí ànfààní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbà dípò pọ́ìǹtì, bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún 3 tó kọjá.

Ẹ̀rù pọ́ìǹtì ti kó àwọn ènìyàn sí wàhálà tó ju eré lọ. Ní 2003, kámẹ́rà ká ọkọ̀ Chris Huhne, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ lójú ọ̀nà M11. Ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, Vicky Pryce, gbà pé òun lòun wakọ̀, kí ọkọ òun má baà pàdánù láìsẹ́ǹsì. Ìgbéyàwó tú, àṣírí tú, Huhne sì kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀ ní 2012. Ní oṣù Kẹta 2013, ilé ẹjọ́ rán àwọn méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n oṣù 8, nítorí pé wọ́n dí òfin lọ́wọ́. Láàárín kan, wọ́n ti gba láìsẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ Huhne ṣá, nítorí fóònù tó lò nídìí ọkọ̀.

Ta ló wà nídìí ọkọ̀?

Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà mọ̀, kò mọ awakọ̀, kálukú orílẹ̀-èdè ló sì ní bó ṣe ń yanjú ìyẹn. Ìlú New York ń fi ìwé dọ́là 50 ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Kò ní pọ́ìǹtì nínú, kò sì kan ìdójútòfò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè orúkọ ẹni tó wakọ̀ ni. Ìwé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ sí láàárín ọjọ́ 14, ẹni tó bá sì kọ̀ láti dárúkọ awakọ̀ lè gba pọ́ìǹtì 6, ìlọ́po méjì ohun tó ń sá fún.

Sísanwó tàbí ríro ẹjọ́

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Púpọ̀ ń sanwó kí wọ́n lè bọ́, wọn kò mọ̀ pé ìgbà náà gan-an ni àkọsílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rò ó lè béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré, wò gbẹ̀yìn, tàbí bóyá àmì ìwọ̀n eré hàn sójú. Nígbà mìíràn, agbẹjọ́rò àti ìjọba máa ń fẹnu kò sórí ẹ̀ṣẹ̀ tó fúyẹ́ tí kò ní pọ́ìǹtì. Ní California, ẹni tó bá tóótun lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 18, pọ́ìǹtì náà yóò sì pamọ́ fún ilé iṣẹ́ ìdójútòfò. Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó á máa gorí owó, wọ́n sì lè dá láìsẹ́ǹsì dúró.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ń ṣe

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani ń fi nǹkan bí ìdá 4 lé. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ń tà ni pé òun yóò ru òfò ẹlòmíràn, nítorí náà ẹni tó ń sáré jẹ́ ẹrù tó wúwo lójú rẹ̀.

Owó kì í gòkè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí àdéhùn bá parí, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, ni ilé iṣẹ́ ń yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń rò pé òun ti mú un jẹ. Ká ní ẹnì kan ń san dọ́là 1,200 lọ́dún, tí tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 150 sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Dọ́là 240 ni yóò máa fi kún un lọ́dọọdún. Bó bá fi ọdún 3 tẹ̀ lé e, ó di 720, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún owó ìtanràn. Ẹ̀dínwó pẹ̀lú lè lọ. Ní California, òfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ní 1988 fún awakọ̀ rere ní ẹ̀dínwó ìdá 20, ẹni tí pọ́ìǹtì rẹ̀ bá sì ju ẹyọ kan lọ láàárín ọdún 3 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ti gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ rí lè nílò ìwé SR-22, tí ilé iṣẹ́ ìdójútòfò fi ń jẹ́rìí fún ìjọba pé ó ní ìdójútòfò lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń fẹ́ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì SP30 ni wọ́n ń kọ sí àkọsílẹ̀ ẹni tó sáré jù lójú ọ̀nà lásán, SP50 fún ojú ọ̀nà ńlá. Ọdún 4 ló ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń béèrè nípa ọdún 5. Ẹni tó bá purọ́ nígbà tí wọ́n bi í wà nínú ewu. Òfin 2012 ya ẹni tó gbàgbé sọ́tọ̀ sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́: ti àkọ́kọ́, wọ́n lè dín owó òfò rẹ̀ kù, ti èkejì, wọ́n lè fagi lé àdéhùn, kí wọ́n má san nǹkan kan fún un. Ẹ̀dínwó àìbéèrè owó òfò ni ọ̀pọ̀ ń ṣì lóye. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òfò, nítorí náà kì í jẹ ẹ́. Iye tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀dínwó náà ló ń wú.

Bí eré bá wá di ìjàǹbá, ìdójútòfò ṣì ń sanwó fún ẹni tí wọ́n gbá, nítorí ààbò ẹni yẹn ni òfin fi sọ ọ́ di dandan. Ọkọ̀ ẹni tó sáré ni àríyànjiyàn ń wà lórí rẹ̀. Òfin Jámánì gba ilé iṣẹ́ láyè láti dín owó àtúnṣe rẹ̀ kù níwọ̀n bí àìbìkítà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fara pa lè gbé ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà síwájú ilé ẹjọ́ láti fi hàn pé awakọ̀ ló fà á. Bí owó tí adájọ́ bù bá sì ju ohun tí àdéhùn gbé lọ, àpò awakọ̀ ni ìyókù yóò ti jáde.

Awakọ̀ tó ń fi í jẹun

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka fífi máìlì 15 kọjá ìwọ̀n sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fún awakọ̀ tírélà àti bọ́ọ̀sì. Méjì láàárín ọdún 3, yóò jókòó sílé fún ọjọ́ 60. Mẹ́ta, ọjọ́ 120. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó ń bo àṣírí ẹlòmíràn kò wúlò fún un: òfin kan náà kò gba ìpínlẹ̀ kankan láyè láti fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́, àní bó bá tilẹ̀ jẹ́ mọ́tò ilé ló wà lọ́jọ́ náà.