Ibi tí ìdìmú àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ṣẹ̀ wá

Bí ẹyin kantíkantí, eṣinṣin kékeré tí ń rá bàbà lórí èso, bá ti pé bíi wákàtí 3, nǹkan bíi 6,000 sẹ́ẹ̀lì ti tò yí i ká ní ìpele kan ṣoṣo. Láìpẹ́, àwọn tó wà níhà ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún orí wọn pọ̀, bí ẹni ń fa okùn ẹnu àpò. Wọn á fà, wọn á sinmi díẹ̀ láìjẹ́ kí èyí tí wọ́n ti fà tú, wọn á tún fà. Kò ní ju bíi ìṣẹ́jú 15 lọ tí ibẹ̀ fi máa kó wọnú, tí á di kòtò tóóró. Síbẹ̀, kò síbi tó ya. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ta ló kọ́ sẹ́ẹ̀lì ní irú ìdìmú yìí? Lójú tèmi, ó dàgbà ju ẹranko lọ. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ tí ẹranko dáyé ló dáyé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan wà nínú omi, Monosiga brevicollis lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìrù kan tó fi ń ju omi, irun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò yí ìdí ìrù náà ká bí ọgbà. Bakitéríà tí omi bá gbé wá á há sọ́gbà náà, á sì di oúnjẹ. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí kì í ṣe ẹranko, ẹbí rẹ̀ ló bá ẹranko tan jù. Ní 2008, Monika Abedin àti Nicole King bá jíìnì 23 lára rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹbí cadherin, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì ẹranko fi ń di ara wọn mú. Kí ni adágbé ń fi ọwọ́ ìdìmọ́ni ṣe? Wọ́n tọpa méjì nínú wọn, ọgbà irun yẹn ni wọ́n bá wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn actin tó mú irun náà dúró. Ibẹ̀ ni mo dúró sí: oúnjẹ ni ọwọ́ yìí kọ́kọ́ ń dì mú, kó tó di aládùúgbò mú.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Sẹ́ẹ̀lì kan pín sí méjì, àwọn méjèèjì ò sì fira wọn sílẹ̀. Ìgbì dé, ó ń fà wọ́n. Bó bá jẹ́ ìta nìkan ni wọ́n ti di ara wọn mú, ara wọn á ya níbẹ̀, bíi bọ́tìnì tí a fà lára aṣọ fẹ́lẹ́. Èyí tí ọwọ́ ìta rẹ̀ so mọ́ okùn inú ló máa kù. Mo rò pé ìgbì ló ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀, fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ẹ tún wo Dictyostelium, amíbà inú ilẹ̀. Bí oúnjẹ bá tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á kóra jọ, wọn á gbéra wọn nàró bí ọ̀pá. Ní 2011, ó hàn pé ó ní ìbátan catenin, purotéènì tí ń so ọwọ́ ìta mọ́ okùn inú, láìní cadherin bíi ti ẹranko. Okùn ìsomọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Orúkọ náà sọ tirẹ̀. Masatoshi Takeichi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló kó "calcium" àti "adhere", ìyẹn lẹ̀ mọ́, pọ̀ di cadherin ní 1984. Ṣé a ò sì gbọ́ "lẹ̀" yẹn nínú ọlẹ̀ tiwa náà? Èmi ń gbọ́ ọ. Curt Herbst ti rí agbára kálísíọ̀mù ṣáájú: ní 1900, ó kó ọlẹ̀ ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún inú òkun sínú omi òkun tí kò ní kálísíọ̀mù, sẹ́ẹ̀lì wọn sì tú ká.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé fífà àti títì ló ń mọ ọlẹ̀ ni Wilhelm His, onímọ̀ nípa ara, ọmọ Basel ní Switzerland, òun sì ni mo fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ. Ní 1874, ó fi ọ̀pá rọ́bà ṣàfihàn bí ọlẹ̀ ṣe ń ká. Ernst Haeckel, onímọ̀ ẹ̀dá ará Germany, fi rọ́bà yẹn ṣe ẹlẹ́yà, kò sì fi ohun tó sàn rọ́pò rẹ̀. Ní 1885, Wilhelm Roux gé àwo ọpọlọ, ìyẹn ìpele pẹlẹbẹ tó máa di ọpọlọ, kúrò lára ọlẹ̀ adìyẹ, ó ká fúnra rẹ̀ nínú omi iyọ̀. Ibi tí agbára ti ń wá nìyẹn tún ṣe. Pé agbára ni, His ti sọ ọ́.

Ìyókù yá. Ní 2003, Emmanuel Farge fún ọlẹ̀ kantíkantí pọ̀ díẹ̀, jíìnì tí wọ́n ń pè ní Twist sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí kì í ti ṣiṣẹ́. Ní 2010, àwọn ará Japan fi hàn pé alpha-catenin, ọ̀kan nínú àwọn catenin, ká jọ bí kò bá sí ohun tó ń fà á. Bí okùn bá fà á, á là, vinculin, purotéènì mìíràn, á rọ́nà so mọ́ ọn, á sì fa okùn actin mìíràn wá síbẹ̀. Bí fífà ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni okùn ibẹ̀ ń pọ̀ sí i.