777 Kì Í Ṣe Oògùn

Bí script, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì, kò bá ti ṣiṣẹ́, ìmọ̀ràn kan náà ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ní Lágéré, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí: "Wọ́n ní kí n fún un ní 777." Nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó láṣẹ lórí fáìlì ni wọ́n ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, 777 yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tó dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà náà palẹ̀. Ìkínní jẹ́ ti ẹni tó ni fáìlì, ìkejì ti ẹgbẹ́ tí fáìlì náà wà lábẹ́ rẹ̀, ìkẹta ti ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́ kù. 4 ni àṣẹ láti kà á, 2 ni àṣẹ láti kọ nǹkan sí i, 1 ni àṣẹ láti mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wá rò wọ́n pọ̀: 7 (4+2+1) ni gbogbo àṣẹ, 777 sì fún gbogbo èèyàn ní gbogbo rẹ̀; 644 túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lè kà á, ẹ sì lè kọ ọ́, kíkà nìkan ni ti àwọn yòókù. Ti fódà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí 1 tiẹ̀ ni àṣẹ láti wọlé. Fódà tí ẹ bá fi sí 644 ti tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. 403 Forbidden lẹ ó máa rí, ẹ ó sì máa da fáìlì tí kò ṣẹ̀ yín láàmú. 755 ló yẹ fódà.

Sáfà alájọlò dà bí ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, tí wọ́n jọ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjá. Ẹni tó bá lo 777 ti ṣí yàrá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Nítorí èyí ni Apache, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde lórí sáfà, ṣe ní ohun tí à ń pè ní suEXEC, tó ń mú kí script yín ṣiṣẹ́ lórúkọ yín, kì í ṣe lórúkọ sáfà. Kó tó gbà, á wo ẹni tó ni fáìlì náà, á sì wò ó bóyá ẹlòmíràn lè kọ nǹkan sí i. Bó bá rí 777, ó parí: 500 Internal Server Error. Bí script bá wà ní 755 ṣùgbọ́n tí fódà rẹ̀ wà ní 777, kò ní gbà bákan náà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Modákẹ́kẹ́ gbé irú rẹ̀ wá. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ọmọ ẹgbẹ́ kò ṣí mọ́. Lórí cPanel, ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso ìkànnì, mo tẹ "Errors", ibi tí sáfà ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀: "suexec policy violation". Ẹnì kan ti lọ yí gbogbo cgi-bin, fódà tí irú script bẹ́ẹ̀ ń gbé, sí 777. A dá fódà àti script padà sí 755, fọ́ọ̀mù sì ṣí. Ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ ka ibẹ̀ ni, wọn ì bá má wá rárá (mi ò sì ní gba kọ́bọ̀).

Script inú cgi-bin tí a fi èdè Perl tàbí Python kọ ló ń fẹ́ 755. Fáìlì tí a fi èdè PHP kọ kò nílò 1 yẹn. 644 tó o. Fáìlì tí ọ̀rọ̀ ìwọlé dátábéèsì wà nínú rẹ̀, bíi wp-config.php ti WordPress, ẹ fi sí 600 bí PHP bá ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín. Bí ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín sí bá sọ pé àfi 777 ni fódà àwòrán fi lè gba fáìlì, èmi á kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ́ rárá. Bí ẹ bá fi Notepad orí Windows kọ script, àmì kan tí ojú kò rí máa ń wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Sáfà á ka ìlà àkọ́kọ́ tó ń sọ ibi tí Perl wà, #!/usr/bin/perl, mọ́ àmì yẹn, á wá Perl tó ń jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní rí i. "No such file or directory" ni yóò kọ, nígbà tí fáìlì wà níbẹ̀ rekete. Ẹ fi Notepad++ yí ìparí ìlà sí Unix, kí ẹ tún un gbé sókè.

Bí FileZilla, ètò tí a fi ń gbé fáìlì lọ sórí sáfà, bá kọ̀ fún yín láti yí nọ́ńbà padà, tó ń sọ pé "Operation not permitted", ó ṣeé ṣe kí fáìlì náà má jẹ́ tiyín lójú sáfà. Èyí wọ́pọ̀ bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá bá yín kó ìkànnì wá láti ibòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá ìní fáìlì inú public_html (fódà tí ìkànnì yín wà) padà sí orúkọ àkáǹtì yín, kí ẹ sì kọ ọ̀nà fáìlì náà ní kíkún sínú ìwé ọ̀hún.