Bí Ìwé Ṣe Ń Kọ́ni Ní Idán Àfọwọ́pa

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ìwé idán sábà máa ń rò pé bí òun bá ti ka àṣírí tán, òun ti mọ idán náà nìyẹn. Ó ṣí ìwé, ó rí i pé àṣírí náà kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, ara rẹ̀ sì rọ: ṣé gbogbo ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu náà nìyí? Ó pa ìwé dé, kò sì tún ṣí i mọ́. Bẹ́ẹ̀, àṣírí ló kéré jù nínú ohun tí ìwé náà fẹ́ fún un. Bí ọwọ́ á ṣe lọ, ìgbà tí yóò lọ, ibi tí ojú yóò wà nígbà tó bá ń lọ, ohun tí ẹnu yóò máa sọ: ìwọ̀nyí ló gba ojú ìwé, àwọn náà ló sì ń gba oṣù mọ́ni lọ́wọ́.

Idán tí à ń sọ ni èyí tí a ń fi ohun kéékèèké pa níwájú èèyàn díẹ̀ tó sún mọ́ni: káàdì, owó ẹyọ, okùn, bọ́ọ̀lù kékeré, ife. Ó ti pẹ́ láyé. Seneca, ọ̀mọ̀ràn ará Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, mẹ́nu kan àwọn tó ń fi ife àti òkúta wẹ́wẹ́ tan ojú jẹ. Ó ní ẹ̀tàn náà gan-an ló ń dùn mọ́ òun, àti pé bí wọ́n bá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun, adùn rẹ̀ tán nìyẹn. Bó ṣe rí fún òǹwòran nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ di apidán ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ la ibi tí adùn ti tán yẹn kọjá, kó lè rí adùn mìíràn níwájú.

Kì í ṣe torí àtikọ́ni ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ àṣírí wọ̀nyí sínú ìwé. Lọ́dún 1584, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Reginald Scot, gbé ìwé jáde láti tako bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn èèyàn. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé ohun tí àwọn apidán ń fi bọ́ọ̀lù, owó ẹyọ àti káàdì ṣe, kí aráyé lè rí i pé ọwọ́ yíyá ni, kò sí ẹ̀mí àìrí kankan níbẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ da àlàyé náà kọ, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Nígbà tó di 1876, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Angelo Lewis, tó ń fi Professor Hoffmann ṣe orúkọ ìkọ̀wé, gbé ìwé ńlá kan jáde níbi tó ti kọ́kọ́ kọ́ òǹkàwé ní bí a ṣe ń di káàdì mú àti bí a ṣe ń darí rẹ̀, kó tó wá kan idán tí a ń fi í pa. Ọwọ́ ṣáájú, idán tẹ̀lé e: ìtò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé rere ṣì ń lò.

Àwọn tí ìwé sọ di apidán kò sì kéré. Jean-Eugène Robert-Houdin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣe aago kó tó gbajúmọ̀ lórí ìtàgé, kọ sínú ìtàn ayé ara rẹ̀ pé ìwé lórí iṣẹ́ aago lòun lọ rà, òǹtàwé sì ṣèèṣì di ìwé mìíràn tó ní idán nínú fún òun. Dai Vernon, ọmọ Kánádà, ti ń ka ìwé kan lórí ọgbọ́n káàdì láti kékeré, èyí tó jáde lọ́dún 1902 lábẹ́ orúkọ S. W. Erdnase. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Vernon dàgbà di ẹni tí àwọn apidán fúnra wọn ń wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ìwé yẹn ni kò fi sílẹ̀ títí ọjọ́ ogbó.

Báwo wá ni lẹ́tà orí bébà ṣe ń di ìṣe ọwọ́? Òǹkọ̀wé ń pín ìṣe kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ: àtàǹpàkò, ìka ìtọ́ka, ìka àárín, ìka òrùka, ọmọńdinrín. Ó ń dárúkọ etí káàdì tó kọjú sí apidán, èyí tó kọjú sí òǹwòran, àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbólóhùn bíi “fi ọmọńdinrín òsì gbé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún sókè díẹ̀” kò yé ẹni tó jókòó lásán tó ń kà á. Ó máa ń yé ẹni tí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, orí tábìlì ni kí ìwé wà, ní ṣíṣí pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ méjèèjì ráyè. Ka gbólóhùn kan, ṣe é, dúró, wo ọwọ́ rẹ, kó o tó ka ìkejì.

Àwòrán inú ìwé náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Àwòrán kan lè jẹ́ ohun tí apidán ń rí bó bá wo ọwọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ń rí. Ẹni tí kò bá kíyè sí i yóò fi ọwọ́ òsì ṣe ti ọ̀tún, yóò sì máa bú òǹkọ̀wé. Kó o tó fara wé àwòrán kankan, wá àtàǹpàkò inú rẹ̀ ná, kó o sì bi ara rẹ bóyá ojú tìrẹ ni wọ́n fi yà á. Ọ̀pọ̀ ìwé sì gbà pé ọwọ́ ọ̀tún ni òǹkàwé ń lò. Kí ọlọ́wọ́ òsì tètè pinnu bóyá yóò máa yí gbogbo rẹ̀ padà tàbí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe díẹ̀ síhìn-ín díẹ̀ sọ́hùn-ún yóò dí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ̀n káàdì náà ṣe pàtàkì. Èyí tí ọ̀pọ̀ apidán ń lò fẹ̀ tó mílímítà 63. Oríṣi mìíràn wà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 57, tí gígùn wọn sì jọra. Ọwọ́ kékeré tó ń tiraka pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé káàdì ló yẹ kó pààrọ̀, kì í ṣe ìwé.

Ìṣòro tó le jù ni pé ọ̀rọ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ṣe nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé á sọ ohun tí ọ̀tún ṣe ní ìpínrọ̀ kan, ohun tí òsì ṣe ní òmíràn. Ẹni tó bá ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ayé yóò ní idán tó ń já ní oríkèé. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti tún so ohun tí òǹkọ̀wé tú palẹ̀ pọ̀. Kò sí ìwé tó lè bá a so ó.

Ẹ jẹ́ ká mú idán kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká fi wo bó ṣe ń rí. Apidán ní kí ẹnì kan mú káàdì kan, kó wò ó, kó dá a padà sórí ìdì káàdì. Wọ́n gé ìdì náà sí méjì, wọ́n gbé ti ìsàlẹ̀ sórí. Wọ́n lè gé e bẹ́ẹ̀ léraléra. Apidán wá ń ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ó sì dá èyí tí wọ́n mú mọ̀.

Àṣírí rẹ̀ ni pé apidán ti yọ́jú wo káàdì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ká pè é ní káàdì amọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gé ìdì tí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, káàdì amọ̀nà bọ́ sórí èyí tí wọ́n mú gẹ́lẹ́. Gígé kò sì lè yà wọ́n, nítorí pé gígé kì í da ìtò káàdì rú. Ibi tí ìtò náà ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àwọn méjèèjì gan-an ni wọ́n gé, ọ̀kan á wà lókè, ìkejì á wà nísàlẹ̀, bí wọ́n bá sì tún un gé, wọ́n á tún pàdé. Bí káàdì amọ̀nà bá ti yọ lórí tábìlì, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wá.

Ó tán. Ọmọ kékeré lè lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n fi í han èèyàn mẹ́ta bó ṣe wà yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé, “O ti wo èyí tó wà nísàlẹ̀.” Ìwé rere ti dáhùn èyí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ló máa ń fi dáhùn, irú gbólóhùn tí ojú máa ń fò: wo káàdì náà nígbà tí ò ń to etí ìdì dọ́gba, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé idán ń bọ̀. Gbogbo ìdí tí idán yìí fi ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Òǹwòran kì í ṣọ́ nǹkan tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí o bá yọ́jú wo káàdì náà lẹ́yìn tó o sọ pé “mú ọ̀kan,” wọ́n á rí ọ. Bí o bá ti wò ó ṣáájú ìgbà yẹn, tó o wá bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, tó o gbé ìdì náà sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, àkókò tó kọjá yẹn á pa ìwò náà rẹ́ lọ́kàn wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lápá ìparí: bí o bá dúró gbagidi lórí káàdì tó tẹ̀ lé amọ̀nà, o ti ń tú ara rẹ fó. Kọjá rẹ̀, ṣí méjì mẹ́ta sí i, kó o tó padà wá mú un. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí n máa gbani nímọ̀ràn láti tún àlàyé kà lẹ́yìn téèyàn bá ti pa idán náà lójú ẹlòmíràn, torí ìgbà yẹn ni ìwúlò wọn ń hàn.

Owó ẹyọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ọ̀tún ṣe bí ẹni tó kó owó sí òsì, kí owó náà sì ṣẹ́ kù sí ọ̀tún. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń tara ṣàṣà kọ́ bí yóò ṣe fi owó pamọ́. Ibòmíràn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ kó owó náà sí òsì ní òótọ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó máa wo bí òsì ṣe ń pa dé, bí ìka ṣe ń kún nítorí pé nǹkan wà nínú rẹ̀, bí ọ̀tún ṣe ń rọ̀ lẹ́yìn tó ti fi nǹkan sílẹ̀. Ìṣe èké náà gbọ́dọ̀ jọ ìṣe òótọ́ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀.

Kí ojú sì bá a lọ. Ìwé ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ibi tí apidán bá wò ni òǹwòran ń wò. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1900, Norman Triplett kọ̀wé lórí idán kan tí apidán ti ń sọ bọ́ọ̀lù sókè lẹ́ẹ̀mejì, tó wá ṣe bí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó gbà pé àwọn rí i tó lọ sókè. Ní 2006, Gustav Kuhn àti Michael Land tún un ṣe. Nígbà tí apidán bá gbójú sókè bí ẹni tó ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń rí bọ́ọ̀lù tí kò sí yẹn pọ̀ gan-an ju ìgbà tó bá tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé “wo ọwọ́ òsì,” má ṣe kà á sí àfikún. Apá kan ìṣe náà ni, gẹ́gẹ́ bí ìka.

Dígí wúlò fún ìfidánrawò, ó sì ní àléébù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó máa ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìṣe ìkọ̀kọ̀ bá ń wáyé, láìmọ̀. Wọ́n ń fi àṣírí pamọ́ fún ara wọn. Kámẹ́rà fóònù kì í bá èèyàn ṣẹ́jú. Ya ara rẹ, kó o sì wò ó lọ́jọ́ kejì. Má ṣe lépa yíyára. Ohun tó ń mú ìṣe fara pa mọ́ ni pé kó rí bákan náà pẹ̀lú ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó ń rọra lọ tó wá ṣàdédé yára níbì kan ti tọ́ka síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Fídíò ń kọ́ idán náà lónìí, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ rí bí ìṣe kan ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Síbẹ̀ ìwé ni mo fara mọ́ fún ẹ̀kọ́. Ẹni tó kọ́ idán lára fídíò máa ń jogún ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀, ìdúró rẹ̀, àwàdà rẹ̀, àní bó ṣe ń mí ìmí. Ìwé kò ní ohùn tí wọ́n lè fara wé. Òǹkàwé ló ní láti pèsè ọ̀rọ̀ àti ìrìn ara rẹ̀. Ó pẹ́ jù, ìgbìyànjú rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n idán tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń jẹ́ ti ẹni tó pa á. Ìwé rere tún máa ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ hùmọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè mọ ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé àti ohun tó yẹ kó gbàyè kó tó lò ní gbangba.

Ohun kan wà tí ìwé sábà máa ń fi ìlà kan péré sọ, ìyẹn igun tí wọ́n ti ń wò ó. “Kí òǹwòran wà níwájú” ni wọ́n máa ń kọ. Níta, ẹnì kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan á jókòó nílẹ̀, ọmọdé á rìn wá sẹ́yìn rẹ. Fún ìṣe kọ̀ọ̀kan tó o bá kọ́, gbé fóònù sí apá òsì, sí apá ọ̀tún, sí ìsàlẹ̀, kó o kọ ibi tí owó tàbí káàdì ti yọ sí etí ojú ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Nígbà míì, yíyí ara díẹ̀ sí òsì ti tó láti dí ibẹ̀. Nígbà míì, kò sí ohun tó lè dí i, idán yẹn kò sì ṣeé pa níbi tí èèyàn bá ti yí ọ ká.