Ọ̀wọ́ngógó: Ohun Tí Ó Ń Jẹ Owó Inú Kóló

Bí ọmọ kan bá ní ₦10,000 nínú kóló rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún, tí búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ nílé wọn sì jẹ́ ₦1,000, búrẹ́dì 10 ni ọmọ náà fi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà owó ni ojú rẹ̀ rí. Bí búrẹ́dì kan náà bá ti di ₦1,250 nígbà tí ó bá fọ́ kóló ní oṣù kejìlá, ₦10,000 náà yóò pé pérépéré, ṣùgbọ́n búrẹ́dì 8 péré ni yóò rí rà. Olè kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò yọ owó níbẹ̀, síbẹ̀ búrẹ́dì méjì ti lọ. Ohun tí ó kó búrẹ́dì méjì yẹn lọ ni à ń pè ní ọ̀wọ́ngógó. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15 ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ní Èbúté Mẹ́ta ti rí i pé ìdí kóló ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí a bá ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀, wọn yóò há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí de ìdánwò, wọn yóò sì padà sílé láì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni à ń sọ.

Ọ̀wọ́ngógó ni kí iye owó ọjà lápapọ̀ máa gòkè láìdúró, débi pé iye owó kan náà kò lè ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ "lápapọ̀" inú ìtumọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí tòmátì bá gbówó lórí ní Mile 12 nígbà òjò, tí ó sì tún wálẹ̀ nígbà tí tuntun bá dé láti òkè Ọya, ọ̀wọ́n tòmátì nìyẹn. Èdè wa fúnra rẹ̀ máa ń da àwọn ọmọ láàmú níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí kò sí lọ́jà àti ohun tí ó wà ṣùgbọ́n tí apá kò ká a. Bí a bá ní ọ̀wọ́n epo wà, ìlà gígùn nílé epo ni a sábà máa ń ní lọ́kàn. Ọ̀wọ́ngógó kò béèrè pé kí ohunkóhun ṣọ̀wọ́n. Ọjà Oyíngbo lè kún fọ́fọ́ kí ọ̀wọ́ngógó sì wà níbẹ̀.

Bébà owó wa gan-an jẹ́rìí sí i. Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, kọ́bọ̀ ṣì ń ra nǹkan. ₦20 tí ó jáde ní ọdún 1977 ni ó tóbi jù títí ₦50 fi dé ní ọdún 1991; lẹ́yìn náà ni ₦100 dé ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, àti ₦1,000 ní 2005. Lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìtàn ni kọ́bọ̀.

Báwo ni a ṣe ń wọn ohun tí ó kan gbogbo ọjà? Apẹ̀rẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àjọ ìjọba tí ó ń ṣètò ìṣirò ní orílẹ̀-èdè yìí, tí a mọ̀ sí NBS, máa ń kó oríṣiríṣi ohun tí àwọn ènìyàn ń rà jọ bí ẹni pé inú apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n wà, yóò sì máa wo iye tí apẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ lóṣooṣù. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó tẹ̀wọ̀n bákan náà. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fojú inú wo ilé kan tí ó ń ná ₦50 sórí oúnjẹ nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦20 sórí ọkọ̀, ₦20 sórí owó ilé, àti ₦10 sórí àwọn nǹkan tó kù. Bí owó oúnjẹ bá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, tí ti ọkọ̀ fi ìdá 10 gòkè, tí owó ilé kò yí padà, tí àwọn yòókù sì fi ìdá 20 gòkè, ọ̀wọ́ngógó ilé náà yóò jẹ́ 15, àti 2, àti òdo, àti 2, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 19. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé ọ̀wọ́ngógó ilé tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba kà lórí rédíò, kò sì sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilé tí owó oúnjẹ ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ kì í rí ọdún bí ilé olówó ṣe ń rí i.

Ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ yìí ni ó fa awuyewuye ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni NBS kéde. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó di 24.48. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìrẹsì ti wálẹ̀ ni?" Ìrẹsì kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀: ọdún 2009 tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò di ọdún 2024, ìpín oúnjẹ tí ó lé ní ìdajì tẹ́lẹ̀ sì wá di nǹkan bí ìdá 40. Ẹni tí ó bá yọ 24.48 kúrò nínú 34.80 láti fi mọ bí ọjà ṣe rọ̀ tó ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn aṣọ kan ni.

Àmọ́ ká tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n kò yí padà rárá, àṣìṣe mìíràn ṣì wà nínú ìbéèrè ọmọ yẹn, àwọn àgbàlagbà ni mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn jù. Bí awakọ̀ dáńfó bá gba Oworońṣókí gun afárá Third Mainland, tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ó wá dín eré kù sí 60, ṣé ó ti ń padà sí Oworo ni? Adéníji Adélé náà ni ó ṣì kọjú sí. Bí ọ̀wọ́ngógó bá ti ìdá 30 bọ́ sí ìdá 15, ọjà ṣì ń gòkè, eré rẹ̀ ni ó dínkù. Kí iye owó ọjà lápapọ̀ tó padà sẹ́yìn, ọ̀wọ́ngógó ní láti kọjá òdo sí ìsàlẹ̀, ìyẹn kì í sì í wọ́pọ̀.

Ní ti ohun tí ó ń fà á, gbàǹjo ni mo fi ń kọ́ wọn. Mo máa ń pín hóró ẹ̀wà márùn-ún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ọmọ 10 gẹ́gẹ́ bí owó, n óò lu bísíkíìtì mẹ́rin ní gbàǹjo, lẹ́yìn náà n óò pín ẹ̀wà mẹ́wàá-mẹ́wàá, n óò sì tún lu bísíkíìtì mẹ́rin míì. Ariwo a sọ. Iye tí bísíkíìtì kan ń gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ bísíkíìtì kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Owó tí ó pọ̀ ju ọjà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó pípọ̀ nìkan kọ́. Nígbà tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200, ó sì kọjá ₦480 ní Èkó. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀ sí dọ́là. Ẹni tí ó ń gbé gàrí wọ Èkó ní láti fi owó epo lé owó gàrí, ẹni tí ó sì ń ra ọjà láti òkè òkun ní láti wá náírà púpọ̀ sí i fún dọ́là kan náà.

Ó yẹ kí a ya owó iṣẹ́ alájọ sọ́tọ̀ kúrò nínú gbogbo èyí. Alájọ tí ó gba ₦500 lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí ó dá ₦14,500 padà, ti mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ náà, ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀wọ́ngógó kì í yọ náírà kan. Agbára tí ó wà nínú náírà ni ó ń fà mu.

Ìbéèrè tí ó máa ń kẹ́yìn ni ti kóló: "Sà, ṣé kí n kúkú ná a?" Ó dá lórí ìgbà tí a fẹ́ lo owó náà. Mo máa ń fi ọ̀nà kúkúrú kan hàn wọ́n: ẹ fi iye ọ̀wọ́ngógó ọdún kan pín 72, ẹ ó mọ nǹkan bí ọdún tí owó ọjà yóò fi di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ ìdá 24, ọdún mẹ́ta ni. Bí ó bá jẹ́ 12, ọdún mẹ́fà. Ọmọbìnrin kan ní owó méjì nínú kóló rẹ̀, ti bàtà tí yóò rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àti ₦20,000 tí ó ń fi pamọ́ de ìdánwò àṣejáde ní ọdún méjì sí i. A jọ ṣírò rẹ̀ sójú pátákó. Bí ọ̀wọ́ngógó bá dúró sí ìdá 24, ohun tí ó jẹ́ ₦20,000 lónìí yóò di ₦30,752 lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ó bá gbé owó náà lọ sí báńkì tí ó ń fún un ní èlé ìdá 10 lọ́dún, ₦24,200 ni yóò bá níbẹ̀. Báńkì kò lé ọ̀wọ́ngógó bá, ṣùgbọ́n ó fi ₦4,200 sàn ju kóló lọ. Owó bàtà nìkan ni mo ní kí ó fi sílẹ̀ nínú kóló.