Àpótí géèmù àtijọ́ ní Àjàṣẹ́: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Fọ́tò ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi sáńpépà ha àpótí gíga kan ní Àjàṣẹ́ ti ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e pọ̀.

Ṣé pósí ni?
Rárá.

Kí ni, nígbà náà?
Ẹ̀rọ géèmù ilé ìgbafẹ́, irú èyí tí èèyàn máa ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀ kó tó lè fi ṣeré. Space Invaders jáde ní Japan lọ́dún 1978, Pac-Man sì dé lọ́dún 1980.

Ṣé kò sàn kó ra tuntun?
Ó sàn fún ẹni tó kàn fẹ́ fi géèmù ṣeré. Iṣẹ́ pákó àti iṣẹ́ ọ̀dà ni ọmọ yìí fẹ́ mọ̀.

Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi?
Ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí omi ìnulẹ̀ bá ti ń fà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀rún á wú, gọ́ọ̀mù á tú, kò sì sí oòrùn tó lè dá a padà. Ìlú ẹ̀bá ọ̀sà bíi tiwa kò ran irú pákó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi èékánná tẹ ibẹ̀. Tó bá ń rún, ẹ gé e kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó le, kí ẹ fi pláíwúùdù tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fún un mọ́ra títí yóò fi gbẹ. Igun tó kàn ṣán díẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀: mastic tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò tó fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, torí ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń le, kì í dúró de ẹni tó ń dáhùn fóònù.

Ṣé ọ̀dà kò lè bo àbàwọ́n yẹn?
Ọ̀dà tó ń dán ló máa ń tú àṣírí pákó. Ẹ kọ́kọ́ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 320 ha á, kí ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ tó fín ọ̀dà gan-an. Ẹ di agolo ọ̀dà tí wọ́n ń fín mú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí pákó. Ọwọ́ yín ti gbọ́dọ̀ máa rìn kí ẹ tó tẹ orí agolo, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gun ìdajì èyí tó ṣáájú. Ojú kan fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fín òmíràn; ẹni tó bá kánjú, ọ̀dà á ṣàn. Afẹ́fẹ́ tútù lẹ́yìn òjò lè mú kí ọ̀dà kan funfun bíi kùrukùru. Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Ọ̀rinrin lọ, eruku dé.

Ta ló lè kọ́ mi?
Ẹ bá àwọn tó ń kun mọ́tò. Àwọn tó ń tún ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn ní Kétu náà mọ bí ọ̀dà ṣe ń gba igi.

Ṣé ìbòmú aláṣọ tó?
Kò tó. Ó lè dín eruku kù, ṣùgbọ́n òórùn tínà á gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó ní asẹ́ èédú fún ìkùukù ọ̀dà ni kí ẹ lò, ní gbangba, níbi tí iná kò sí. Ọ̀dà tí wọ́n ń po mọ́ hádínà, èròjà tó ń mú kó le, ló burú jù, ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú, ẹ rin ín lómi kí ẹ tó ha á, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

Mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé mo lè fọwọ́ kan inú?
Ẹ pa á dé. Iná inú dígí àwòrán àtijọ́ lè tó 20,000 fóltì, ó sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Oníṣẹ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ ni kó yọ ọ́ jáde kí ẹ tó gbé sáńpépà.